Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí kọnkéré, ilé rírẹ́ àti gọ́ọ̀mù fi le? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń kọ́lé

Àwọn ìbéèrè tí àwọn onílé àti àwọn ọmọṣẹ́ máa ń béèrè lemọ́lemọ́ ló wà níbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Bí nǹkan tí ẹ rà bá ní ìlànà tirẹ̀ lára páálí tàbí ike, ìlànà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ṣé oòrùn ló ń mú kí sìmẹ́ńtì le?

Rárá o. Omi ló ń mú un le. Bí omi bá ti kan ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì, àwọn èròjà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá omi náà ṣiṣẹ́, wọ́n á di ohun mìíràn tó há mọ́ra, tó sì di yanrìn àti òkúta mú pinpin. Iṣẹ́ yìí máa ń mú ooru wá. Ẹni tó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé kọnkéré tó nípọn lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n dà á máa rí i pé ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ò tíì yọ.

Ìdí nìyí tí kọnkéré fi ń le nísàlẹ̀ omi, tí wọ́n sì lè gbé òpó afárá kalẹ̀ sínú ọ̀sà. Bí ẹ bá jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè fẹ́ lọ, iṣẹ́ náà á dúró lójú kan. Kọnkéré náà lè funfun, kó sì dà bíi pé ó gbẹ dáadáa, síbẹ̀ kò ní lágbára.

Wákàtí mélòó ni sìmẹ́ńtì fi ń dì?

Ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé èyí tí wọ́n kọ 42.5 sí lára àpò rẹ̀ (ẹ máa rí ìtumọ̀ nọ́ńbà yìí nísàlẹ̀) kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì kí 60 ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tí omi kàn án. Fún 32.5, 75 ìṣẹ́jú ni. Ibi tútù ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn. Nínú oòrùn ọ̀sán wa, ó máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lójú iṣẹ́, èyí tí ẹ lè lò tán láàárín wákàtí kan ni kí ẹ pò lẹ́ẹ̀kan. Ká tó rí i kó dì débi tí ìka ò ti ní wọ inú rẹ̀ mọ́, ó lè gba wákàtí mélòó kan. Pé ó ti dì báyìí kò tíì túmọ̀ sí pé ó lágbára láti gbé ẹrù.

Kí ni ọjọ́ 28 tí àwọn ẹnjiníà máa ń mẹ́nu bà?

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n fi ń díwọ̀n agbára kọnkéré kárí ayé. Wọ́n á da díẹ̀ nínú kọnkéré náà sínú àpótí irin onígun mẹ́rin, wọ́n á rì í sómi, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fọ́ ọ lọ́jọ́ keje àti lọ́jọ́ 28 kí wọ́n lè mọ ìwúwo tó lè gbà.

Bí a bá fi agbára ọjọ́ 28 ṣe 100, kọnkéré tí wọ́n tọ́jú dáadáa máa ń ní bí 40 lọ́jọ́ kẹta, bí 65 lọ́jọ́ keje, àti bí 90 lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ẹ wo bó ṣe ń sáré níbẹ̀rẹ̀, tó wá ń rọra lọ lẹ́yìn náà. Kì í dúró lọ́jọ́ 28 pàápàá. Tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, á máa le sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ èyí tó kù kéré.

32.5 àti 42.5 tó wà lára àpò sìmẹ́ńtì ńkọ́?

Nọ́ńbà yẹn ni agbára tó kéré jù tí sìmẹ́ńtì náà gbọ́dọ̀ ní lọ́jọ́ 28 nínú àyẹ̀wò. Lọ́dún 2014, àjọ SON tó ń bójú tó ìjójúlówó ọjà ní Nàìjíríà kéde pé 32.5 wà fún rírẹ́ ilé, 42.5 sì wà fún òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá rí lẹ́tà R lẹ́yìn nọ́ńbà, sìmẹ́ńtì náà máa ń tètè lágbára láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́. Ti N kì í kánjú bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka ara àpò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tà á ló máa sọ ìyàtọ̀ yìí fún yín.

Ọjọ́ mélòó ni kí n fi máa bomi rin kọnkéré?

Ó kéré tán, ọjọ́ méje, láìfo ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ ṣe é dé ọjọ́ kẹrìnlá bí ẹ bá lágbára rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ti dì débi tí omi ò ti ní gbẹ́ ojú rẹ̀, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn tàbí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni kí wọ́n wọ́n omi sí i láàárọ̀, kí oòrùn fà á gbẹ kó tó di aago mẹ́wàá, kó sì wà ní gbígbẹ títí di ọjọ́ kejì. Fún dẹ́kìn, ẹ fi yanrìn ṣe ààlà yí etí rẹ̀ ká, kí ẹ rọ omi sí i kó dúró lórí rẹ̀. Fún òpó, ẹ fi àpò kòkó wé e, kí ẹ máa rin àpò náà. Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi bò ó pinpin náà dára, nítorí kò ní jẹ́ kí omi inú rẹ̀ sá lọ. Nínú gbogbo owó tí ẹ máa ná lórí ilé, mi ò mọ èyí tó kéré tó owó omi yìí tó sì ń ṣe ilé lóore tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà wo ni mo lè yọ pákó àti igi abẹ́ dẹ́kìn?

Pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìmù kò gbé ẹrù kankan, ńṣe ló kàn di kọnkéré mú kó má ṣàn. Ẹ lè yọ ọ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Èyí tó wà lábẹ́ ló léwu. Abẹ́ dẹ́kìn kékeré kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 14, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa ló sì ń fi í sílẹ̀ di ọjọ́ 21. Bíìmù tó gùn ju mítà mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ dé ọjọ́ 21. Báńkónì tó yọ síta, tí kò ní òpó níwájú, ẹ fi tirẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ 28.

Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ ṣe pàtàkì bí ọjọ́ tí ẹ máa yọ ọ́. Bí dẹ́kìn bá wà láàárín ògiri méjì, àárín ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ síhà ògiri. Bó bá jẹ́ báńkónì, láti ẹnu rẹ̀ níta ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sílé. Ẹ rọra tú u díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òòlù gbá gbogbo igi ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà.

Owó ló sábà máa ń fa ìkánjú. Ẹni tó ni pákó àti ọparun fẹ́ gbé e lọ síbòmíì, kápẹ́ńtà fẹ́ parí iṣẹ́, onílé náà kò sì fẹ́ san owó ọ̀sẹ̀ mìíràn. Mo bẹ yín, ẹ ti ka ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà mọ́ ọn látìgbà tí ẹ bá ń dúnàádúrà. Ènìyàn ló máa wà lábẹ́ dẹ́kìn yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yọ igi.

Ṣé a lè kó búlọ́ọ̀kù sórí dẹ́kìn kí ọjọ́ yẹn tó pé?

Tí igi bá ṣì wà lábẹ́, àwọn ọmọṣẹ́ lè rìn lórí rẹ̀ láti ọjọ́ kejì, wọ́n sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà sàmì. Òkìtì búlọ́ọ̀kù, yanrìn àti òkúta ni kí ẹ má tíì kó jọ síbì kan. Tí ẹ bá sì ń da dẹ́kìn òkè kejì, igi abẹ́ ti àkọ́kọ́ ò gbọdọ̀ tíì kúrò, nítorí kọnkéré tútù lókè kò lè gbé ara rẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń gbé e.

Bíríkìlà mi ní ká da omi púpọ̀ sí i kó lè ṣàn dáadáa. Ṣé kò burú?

Ó burú. Sìmẹ́ńtì kò nílò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo rẹ̀ lọ nínú omi fún iṣẹ́ líle yẹn. Èyí tó kù wà kó lè rọrùn láti pò àti láti dà. Omi tó bá pọ̀ jù á gbẹ lọ, àyè tó fi sílẹ̀ á di ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí. Bí ihò bá pọ̀, agbára á dín kù, omi òjò á sì máa rí ọ̀nà wọlé dé ọ̀dọ̀ irin.

Fún àpò kan tó jẹ́ 50 kílò, lítà 25 jẹ́ ìwọ̀n tó dára fún òpó àti dẹ́kìn. Jẹ́rígáànù oní-lítà 25 kan náà nìyẹn. Tí yanrìn bá ti tutù, ẹ dín in kù. Bó bá le jù láti dà, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀, tàbí kí ẹ ra èròjà tó ń mú kọnkéré rọ̀ láìfi omi kún un.

Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lánàá ńkọ́? Ṣé mo lè fi mọ ògiri?

Ẹ má ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ mu omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje ó kéré tán, ó sì sàn kó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ẹ tó lò ó. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta búlọ́ọ̀kù, ọjọ́ kejì ni wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń já a: tí igun rẹ̀ ń já sílẹ̀ bí ìka bá ti fà á, tí yanrìn sì kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kò tíì le. Èyí tó ti le máa ń dún gbangba bí ẹ bá fi irin kàn án.

Bí àyè bá wà nílé, ẹ rà á sílẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé, kí ẹ sì fúnra yín máa rin ín.

Ilé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ìgbà wo la lè kùn ún?

Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ẹ bá kùn ún kí omi inú rẹ̀ tó jáde tán, omi náà á ti ọ̀dà, á mú un wú bí ẹni tí iná jó. Bákan náà, sìmẹ́ńtì tuntun ní èròjà kan nínú tó ń jẹ ọ̀dà tí wọ́n fi òróró ṣe. Òun ló ń fà á tí àwọ̀ fi ń ṣá lójú ògiri. Ìyẹ̀fun funfun tó ń yọ lára ògiri jẹ́ iyọ̀ tí omi gbé jáde. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ fi séló lẹ ọ̀rá kan pinpin mọ́ ògiri nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá rí ìrì lẹ́yìn ọ̀rá náà láàárọ̀, ẹ ṣì ní láti dúró.

Kí ló dé tí POP fi ń dì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀?

Nítorí pé kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Òkúta kan tó ń jẹ́ jípúsọ́ọ̀mù ni wọ́n fi iná yan ní bíi 150°C títí omi inú rẹ̀ fi dín kù. Bí ẹ bá dá omi padà fún un, á tún di òkúta. Láàárín 10 sí 30 ìṣẹ́jú, ó ti dì. Abọ́ náà á sì gbóná lọ́wọ́ yín. Àmọ́ ó lè gba ọjọ́ mélòó kan kó tó gbẹ débi tí ẹ fi lè kùn ún.

Tó bá ń yára dì jù bó ṣe yẹ lọ, ẹ wo abọ́ tí ẹ fi ń pò ó. Èérún POP àná tó lẹ̀ mọ́ ọn máa ń mú kí ti tuntun yára dì. Ẹ fọ abọ́ mọ́ lẹ́yìn gbogbo pípò. Ẹ má sì lo POP níbi tí òjò tàbí omi ilé ìwẹ̀ ti lè máa bà á, nítorí omi máa ń mú un rọ̀ padà.

Ìgbà wo la lè rìn lórí táìsì tuntun?

Lẹ́yìn wákàtí 24. Ìgbà náà ni ẹ lè fi sìmẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ dí àárín wọn. Fún fírísà, kọ́bọ́ọ̀dù àti àwọn ẹrù wíwúwo, ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ kan.

Gọ́ọ̀mù páìpù ike máa ń mú lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tí pílọ́ḿbà ní kí n dúró di ọ̀la kí n tó tan ẹ̀rọ omi?

Òótọ́ ló sọ. Gọ́ọ̀mù yìí ń yọ́ ojú ike méjèèjì kí wọ́n lè wọ inú ara wọn. Lẹ́yìn bí ìdajì ìṣẹ́jú tí ẹ fi dì í mú, kò ní yọ mọ́ lọ́wọ́, àmọ́ ibi tí ó yọ́ ṣì rọ̀ nínú. Bí omi bá gba ibẹ̀ pẹ̀lú agbára, á ṣí ọ̀nà tóóró tí yóò máa jò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri bò ó. Wákàtí 24 ni kí ẹ fún un. Ojú páìpù gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i.

Kí ló fà á tí súpà gúlù fi ń yára ju gọ́ọ̀mù kápẹ́ńtà lọ?

Ohun tí oríṣi gọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń dúró dè kò dọ́gba. Ọ̀rinrin ló ń mú súpà gúlù le, èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lójú nǹkan tí ẹ fẹ́ lẹ̀. Harry Coover ló kọ́kọ́ bá èròjà rẹ̀ pàdé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1942, ọjà rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1958. Ó ń mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan bí ẹ bá ta á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àmọ́ agbára rẹ̀ kì í pé títí di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá da á púpọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á pẹ́ kó tó le. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ẹnu mí sí ojú nǹkan náà kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún aṣọ òwú: tí súpà gúlù bá dà sí i, ó máa ń gbóná débi tó lè jó ara.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò ní láti pàdánù omi inú rẹ̀ sínú igi kó tó mú. Ẹ fi nǹkan fún igi náà pọ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù ṣóbàtà yàtọ̀ sí méjèèjì. Ojú méjèèjì ni wọ́n ń fi í sí, wọ́n á dúró tó 10 sí 20 ìṣẹ́jú títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀. Bàtà tó tètè ṣí lẹ́nu, ìkánjú lásìkò yìí ló sábà máa ń fà á.

Gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì: tí mo bá fi túùbù kejì púpọ̀ sí i, ṣé á tètè le?

Rárá, kò ní le tán ni. Àwọn méjèèjì ń so mọ́ra wọn ní ìwọ̀n kan pàtó. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò rí ohun tí yóò so mọ́, ojú ibẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ títí. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ sì pò ó débi tí àwọ̀ méjèèjì á fi di ọ̀kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní oní-ìṣẹ́jú márùn-ún kò gbọdọ̀ gbé ẹrù kó tó di ọ̀la.

Ògiri amọ̀ ńkọ́?

Amọ̀ kì í ṣe bíi sìmẹ́ńtì, gbígbẹ lásán ló ń gbẹ. Bí omi bá tún kàn án, á rọ̀ padà. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi ń mọ ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní ipele-ipele. Wọ́n á mọ ipele kan yí ilé ká, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ débi tó lè gbé èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n tó gun òmíràn lé e. Wọ́n á wá jẹ́ kí òrùlé yọ síta dáadáa kí òjò má bàa na ògiri.

Ẹni tó bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ àtijọ́ máa rí i pé ó ń ré bọ́ ní pẹlẹbẹ. Sìmẹ́ńtì le gan-an, amọ̀ ń wú, ó sì ń súnkì, omi tó há sáàárín wọn kò sì rí ọ̀nà jáde.

Òjò rọ̀ sórí dẹ́kìn lọ́jọ́ tí a dà á. Ṣé ó ti bà jẹ́?

Ìgbà tó rọ̀ ni ká kọ́kọ́ béèrè. Tó bá ti dì kí òjò tó dé, ẹ dúpẹ́, ó bá yín bomi rin ín ni. Tó bá ṣì tutù, tí òjò sì pọ̀ débi tó fi fọ sìmẹ́ńtì lọ, tí òkúta wá yọjú síta, ojú ibẹ̀ kò ní lágbára. Ẹ pe ẹnjiníà kó wò ó kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, nítorí ìbòjú kò lè dá agbára padà.

Kọnkéré tí a pò ti ń le. Ṣé a lè tún fi omi sí i?

Rárá. Bí ẹyin bá ti jinná, omi kò lè sọ ọ́ di tútù mọ́. Omi á mú un rọ̀ lójú, àmọ́ ohun tó ti ń so pọ̀ nínú rẹ̀ ti já, kò sì ní so bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi í sínú òpó tàbí dẹ́kìn.

Sìmẹ́ńtì tó ti pẹ́ nílé ńkọ́?

Ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ láàárín àpò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè ti pàdánù bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Bí ìka bá lè fọ́ kókó inú rẹ̀ di ìyẹ̀fun, ẹ lè sẹ́ ẹ, kí ẹ fi í ṣe iṣẹ́ tí kò gbé ẹrù. Bí kókó náà bá le bí òkúta, ẹ dà á nù. Ẹ to àpò sórí pákó, kó jìnnà sí ògiri.

Ṣé òótọ́ ni pé ṣúgà àti iyọ̀ ń yí bí kọnkéré ṣe ń le padà?

Òótọ́ ni. Ṣúgà díẹ̀ tó bá bọ́ sínú rẹ̀ lè mú kó má dì fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, ẹ má fi dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi kó nǹkan dídùn rí gbé omi iṣẹ́ láìfọ̀ ọ́. Iyọ̀ ní tirẹ̀ máa ń mú kó yára, àmọ́ ó ń jẹ irin inú kọnkéré. Èyí ló mú kí yanrìn etí òkun tí wọn kò fọ̀ léwu fún òpó àti dẹ́kìn nílùú Èkó. Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, á sì ti kọnkéré ya.

Tí kọnkéré bá nípọn gan-an, ṣé á pẹ́ kó tó le?

Kì í pẹ́ le, ooru inú rẹ̀ ló ń pẹ́ jáde, ìyẹn ló sì ń là á. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìdídò Hoover ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1931 sí 1936, àwọn ẹnjiníà ṣírò rẹ̀ pé tí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò gba bí ọdún 125 kó tó tutù. Wọ́n pín in sí ọ̀wọ̀n-ọ̀wọ̀n, wọ́n sì fi páìpù irin gbé omi tútù gba inú rẹ̀ kọjá. Fún ìpìlẹ̀ tó nípọn níbí, ẹ dà á nírọ̀lẹ́, kí ẹ fi òkúta tó wà níbòji àti omi tútù pò ó.

A ti yọ igi abẹ́ dẹ́kìn lọ́jọ́ karùn-ún. Kí la lè ṣe?

Ẹ kó gbogbo ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gun òkè rẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà kó tó di pé ẹ wọlé lọ gbé igi padà, nítorí igi tí wọ́n bá fi ipá ta sókè lè là á láti ìsàlẹ̀. Tó bá ní ẹ lè gbé e, ẹ jẹ́ kí igi náà kàn án lásán láìtì í. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì fi kálámù sàmì sí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin gbogbo ojú tó là, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń gùn sí i.

Nígbà tí ọjọ́ 28 bá pé, ẹnjiníà lè fi òòlù àyẹ̀wò gbá ojú rẹ̀ káàkiri láti díwọ̀n líle rẹ̀. Bí iyèméjì bá kù, ó lè gbẹ́ díẹ̀ jáde nínú rẹ̀ lọ fọ́ ní ibi àyẹ̀wò. Èsì yẹn ni yóò sọ bóyá dẹ́kìn náà á dúró, bóyá wọ́n á fi bíìmù kún un, tàbí bóyá wọ́n á wó o.